Máòsì kan ṣoṣo fún iṣẹ́ ọ̀sán àti géèmù alẹ́: èwo ni kí n rà?

Ọmọ Ṣómólú

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Iṣẹ́ àwòrán ni mo ń ṣe fún àwọn onítẹ̀wé ní Ṣómólú: káàdì ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, bánà, gbogbo rẹ̀. CorelDraw ni mo ń lò láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Tí mo bá délé, tí iná bá wà, èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi á jọ gbá géèmù ìbọn Counter-Strike 2. Láptọ́ọ̀pù kan náà, máòsì kan náà.

Máòsì aláìníwáyà olówó pọ́ọ́kú ni mo ń lò, ọ̀rọ̀ méjì ló sì wà lára rẹ̀. Ọfà máa ń dúró gbagidi lójú kọ̀ǹpútà, á tún fò lọ síbòmíràn, pàápàá tí mo bá ń kó iṣẹ́ oníbàárà láti inú hard disk. Ìkejì, mo lè tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan kó kà á sí ẹ̀ẹ̀mejì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo fẹ́ sún àwòrán olóògbé kan díẹ̀ sí ọ̀tún, ó kà á sí ẹ̀ẹ̀mejì, àmì tí wọ́n fi ń yí àwòrán ló jáde, n kò sì tètè rí i. Ọgọ́rùn-ún ẹ̀dà ti jáde lẹ́nu ẹ̀rọ kí ọ̀gá tó ní, "Kí ló dé tí bàbá dàgẹ̀rẹ̀ nínú férémù?" Èmi ni mo san owó bébà.

Mo fẹ́ ra èyí tó máa tọ́jọ́. Àwọn kan ní kí n ṣáà wá èyí tí DPI rẹ̀, nọ́ńbà tó ń sọ bí ọfà ṣe ń yára tó, pọ̀ jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Atúnṣe Ọ̀tígbà

Àbúrò, pẹ̀lẹ́ o. Owó bébà yẹn dùn mí. Ní Ọ̀tígbà, Ìkẹjà, ni mo ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, máòsì tó ti gba ọwọ́ mi kọjá kò lóǹkà. Àìsàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń ṣe tìrẹ, ọ̀kan nínú wọn kì í sì í ṣe ẹ̀bi máòsì rárá.

Ká kọ́kọ́ mú ọfà tó ń dúró. Lọ wo ibi tí o ki rísífà rẹ̀, ìyẹn ohun kékeré tó ń gba iṣẹ́ tí máòsì ń rán, bọ̀. Ó jọ pé ẹ̀gbẹ́ ibi tí o máa ń ki hard disk bọ̀ ni. Hard disk tó ń lo USB 3.0, tó bá ti ń ṣiṣẹ́, ariwo kan máa ń jáde lára òun àti wáyà rẹ̀ tí etí wa kò lè gbọ́, ìgbì 2.4 GHz tí máòsì fi ń bá rísífà sọ̀rọ̀ ni ariwo náà sì ń bọ́ lé. Bí ẹni méjì tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ata ni. Yọ rísífà kúrò níbẹ̀, gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì láptọ́ọ̀pù, tàbí kí o wá wáyà USB kékeré tí a fi ń fa nǹkan gùn, kí rísífà lè wà nítòsí máòsì. Ṣe é lónìí kí o tó ná kọ́bọ̀.

Títẹ̀ tó ń di ẹ̀ẹ̀mejì, ti máòsì nìyẹn, òun ló sì ń pa máòsì jù lọ. Abẹ́ bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan ni swíìṣì kékeré kan wà, kò ju èékánná lọ. Tí o bá ṣí i, wàá rí irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó pupa bíi bàbà, tó tẹ̀ bí ọrun. Bí o bá tẹ bọ́tìnì, irin yẹn á ta kan irin kejì, òun ni "kẹ́" tí à ń gbọ́. Bó bá pẹ́, ọrun náà á dẹ̀, ojú ibi tó ń kàn á dọ̀tí, dípò kó kàn án lẹ́ẹ̀kan kó sì dúró, á máa gbọ̀n lé e. Gbígbọ̀n yẹn ni kọ̀ǹpútà ń kà sí ẹ̀ẹ̀mejì.

Ó ṣeé tún ṣe. Ẹsẹ̀ mẹ́ta péré ni swíìṣì náà ní. A ó yọ ọ́, a ó fi lẹ́ẹ̀dì jó tuntun mọ́ ọn. Omron àti Huano ni orúkọ tí a sábà máa ń bá lára wọn. Tó bá jẹ́ máòsì gidi, má jù ú nù torí èyí, gbé e lọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Skúrù rẹ̀ sábà máa ń sá pamọ́ sábẹ́ àwọn ẹsẹ̀ dídán tó fi ń yọ̀ lórí tábìlì, ká rọra ṣí wọn kí wọ́n má baà ká kò. Tó bá jẹ́ olówó pọ́ọ́kú, owó iṣẹ́ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó tuntun.

Ọ̀dẹ Aláyò

Ẹ̀gbọ́n Atúnṣe ti sọ ojú abẹ níkòó. Èmi fẹ́ mú ọ̀rọ̀ DPI, torí nọ́ńbà ara páálí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń rà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. DPI 800 ni pé tí o bá ti máòsì fún íǹṣì kan, ọfà á rin ojú àmì 800 lórí skríìnì. Skríìnì tó wọ́pọ̀ lára láptọ́ọ̀pù fẹ̀ tó 1920. Láti etí òsì dé etí ọ̀tún, íǹṣì 2.4 ni ọwọ́ rẹ máa rìn, bíi sẹ̀ǹtímítà 6. Ní 1600, á di sẹ̀ǹtímítà 3. Ní 12,000 ńkọ́? Kò tó ìdajì sẹ̀ǹtímítà. Mú rúlà, gbé ìka lé e, kí o wo bó ṣe kéré tó. Ta ló lè fi ìyẹn gé etí àwòrán ìyàwó kúrò lára ògiri?

Àwọn tó ń fi Counter-Strike jẹun, 400 tàbí 800 ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò, apá gbogbo ni wọ́n sì fi ń ti máòsì, kì í ṣe ọrùn ọwọ́ nìkan. Nítorí náà, máòsì èyíkéyìí tó bá lè ṣe 800 àti 1600 dáadáa ti tó ọ.

Ohun tó yẹ kí o béèrè ni bóyá ojú tó wà lábẹ́ rẹ̀ ń ríran tààrà. Kámẹ́rà kékeré ni ojú yẹn. Iná á tàn sí tábìlì, kámẹ́rà á máa ya àwòrán ẹgbẹẹgbẹ̀rún láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, á máa fi ọ̀kan wé èkejì, ibẹ̀ ló ti ń mọ ibi tí ọwọ́ rẹ lọ. Èyí tí kò dára, tí o bá já a gbà lójijì bí ìgbà tí ọ̀tá yọ lẹ́yìn rẹ, á sọnù, wàá wá rí ara rẹ tí o ń wo sánmà.

Nǹkan kejì ni iye ìgbà tó ń jíṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà. Máòsì ọ́fíìsì sábà máa ń jẹ́ 125 Hz, ìyẹn ni pé ó ń jíṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan láàárín mílísẹ́kọ́ńdì 8. Ti géèmù jẹ́ 1000 Hz, mílísẹ́kọ́ńdì 1. O máa mọ ìyàtọ̀ yẹn lọ́wọ́ rẹ. Àwọn tuntun tó ń ṣe 4000 àti 8000 wà, ṣùgbọ́n lórí láptọ́ọ̀pù tí kò lágbára, ẹrù ni wọ́n ń dì lé e lórí. Má wá wọn.

Lọ sínú ètò máòsì ní Windows, wá ibi tí wọ́n kọ "Enhance pointer precision" sí, kí o pa á. Tó bá wà ní títàn, bí o bá yára, ọfà á yára ju bó ṣe yẹ, bí o bá rọra, á rọra ju bó ṣe yẹ, ọwọ́ rẹ kò ní lè mọ ìwọ̀n ara rẹ̀ láéláé.

Olùkọ́ Ọ̀yọ́

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ jẹ́ kí n da tèmi sí i díẹ̀. Igi ni wọ́n fi gbẹ́ máòsì àkọ́kọ́. Douglas Engelbart ló ronú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, Bill English sì bá a kàn án ní 1964, táyà kékeré méjì ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, bọ́tìnì rẹ̀ kò ju ẹyọ kan. Ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá 1968 ni Engelbart fi í han àwùjọ ní San Francisco.

Èyí tí èmi fi kọ́ kọ̀ǹpútà, bọ́ọ̀lù ló wà nínú rẹ̀. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ la máa ń ṣí ìdí rẹ̀, tí a ó fi èékánná ha ìdọ̀tí tó wé mọ́ àwọn rólà inú rẹ̀. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ máa ń jí bọ́ọ̀lù náà lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ní èyí tó ń fi iná ríran, ẹ máa fi òwú nu ojú rẹ̀ o. Irun kan ṣoṣo tó bá há sínú ihò yẹn tó láti mú ọfà gbọ̀n. Nígbà ọyẹ́, mo máa ń nù ún lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ọmọ Ṣómólú

Ẹ̀gbọ́n Atúnṣe, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an ni! Mo yọ rísífà, mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, mo wá ń kó fáìlì oníbàárà kan láti inú hard disk, ọfà ń lọ geere. Ó lé ní oṣù mẹ́fà tí mo ti ń bú máòsì yìí. Títẹ̀ ẹ̀ẹ̀mejì ṣì wà níbẹ̀ ṣá o, mo ṣì máa ra òmíràn.

Bàbá Olùkọ́, ẹ kú ìtọ́ni, sà. Mo fi òwú nu ojú rẹ̀, ohun tí mo rí níbẹ̀ pọ̀.

Ìbéèrè mi báyìí: oníwáyà ni àbí aláìníwáyà? Mo sì ní ọwọ́ ńlá.

Àǹtí Manchester

Àbúrò mi, ọwọ́ ló yẹ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ látòkè wá. Gbogbo yín ń sọ nọ́ńbà, kò sí ẹni tó ní kí ọmọ yìí wọn ọwọ́ rẹ̀.

Mú téèpù aránṣọ. Wọ̀n ọ́n láti ìlà ọrùn ọwọ́ dé orí ìka àárín. Tí kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 17, ọwọ́ kékeré nìyẹn. Láti 17 sí 19, ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Tó bá tó 20, ọwọ́ ńlá. Lẹ́yìn náà, wo bí o ṣe ń di máòsì mú. Àwọn kan ń fi gbogbo àtẹ́lẹwọ́ bò ó mọ́lẹ̀ bí ẹni fọwọ́ lé orí ọmọ. Àwọn kan ń ká ìka wọn sókè bí èékánná àwòdì, kìkì ìdí àtẹ́lẹwọ́ ló ń kan ẹ̀yìn máòsì. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ orí ìka nìkan ni wọ́n fi ń dì í mú. Ẹni tó ń fi gbogbo àtẹ́lẹwọ́ bò ó nílò máòsì tó gùn, tí ẹ̀yìn rẹ̀ yọ gọngọ. Tí o bá fún un ní kékeré, á máa fi ìka fún un mọ́ra, ibẹ̀ ni ìrora ti ń wá.

Mo mọ ohun tí mo ń sọ. Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mo ń ṣe níhìn-ín, ojú Excel láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Máòsì tí wọ́n fún mi níbi iṣẹ́ kéré bí ọṣẹ tó ti fẹ́ tán. Ní 2021, àtàǹpàkò mi bẹ̀rẹ̀ sí í kú, lẹ́yìn náà ìka ìfábẹ̀lá, lẹ́yìn náà ìka àárín. Lóru, màá jí, màá máa gbọn ọwọ́ bí ẹni tó ń gbọn omi dànù. Nígbà tó yá, n kò lè fi ọwọ́ ọ̀tún ro ọkà fún àwọn ọmọ mi. Dókítà ní iṣan tó gba inú ọrùn ọwọ́ kọjá ni wọ́n ń fún pọ̀. Wọ́n fún mi ní ohun tí màá máa wọ̀ sọ́wọ́ sùn, wọ́n sì ní kí n tún tábìlì mi tò.

Máòsì tó dúró lóòró ni mo ń lò níbi iṣẹ́ báyìí, èyí tí ọwọ́ á dì mú bí ìgbà tí a bá fẹ́ bọ èèyàn lọ́wọ́. Ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ méjì kó tó mọ́ mi lára. Fún iṣẹ́, n kò lè padà sí ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Fún géèmù ìbọn tìrẹ, kò ní bá ọ lára mu, kì í yára yí. Ṣùgbọ́n àwọn nǹkan tó kù, gbà wọ́n lọ́wọ́ mi: jẹ́ kí ìgúnpá rẹ bá tábìlì dọ́gba, má jẹ́ kí ọrùn ọwọ́ rẹ tẹ̀ sókè, má gbé máòsì jìnnà sí kíbọ́ọ̀dù. Tí ìka rẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í kú, má ní "á lọ". Ẹni tó ń fi CorelDraw jẹun, ọwọ́ rẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Ọlọ́wọ́ Òsì

Ẹ̀yin ará, ẹ má gbàgbé àwa náà o. Nílé wa, nínà ni wọ́n fi ń bá mi wí lórí ọwọ́ òsì. Mo kọ́ bí a ṣe ń fi ọ̀tún kọ̀wé, mo kọ́ bí a ṣe ń fi ọ̀tún gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, ṣùgbọ́n máòsì, òsì ni mo fi ń lò ó, kò sì sí ẹni tí mo ń bú fún.

Ọ̀pọ̀ máòsì géèmù ló jẹ́ pé ẹlọ́wọ́ ọ̀tún nìkan ni wọ́n ṣe é fún. Bí ara rẹ̀ bá tilẹ̀ dọ́gba lọ́tùn-ún lósì, ẹ máa ń rí i pé ẹ̀gbẹ́ òsì nìkan ni bọ́tìnì àtàǹpàkò wà, ìyẹn á sì bọ́ sí ìka kékeré wa. Èyí tó bọ́tìnì sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni kí ẹ wá. Razer Viper àkọ́kọ́, ti 2019, ní in. Logitech G Pro Wireless ti 2018 náà dára, bọ́tìnì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣeé yọ láti ibì kan fi sí ibòmíràn. Méjèèjì ti pẹ́, torí náà tokunbo ni ẹ lè rí. Ẹ yí bọ́tìnì àkọ́kọ́ padà sí ọ̀tún nínú ètò máòsì ní Windows, ó tán.

Ará Kétu

Ẹ kú o, láti Kétu ní Benin. "Souris" ni àwa ń pè é níhìn-ín, torí Faransé. Lórí wáyà: ẹni tí iná ìlú rẹ̀ ń ṣe ségesège, kó má ra èyí tó ń gba ṣájì. Ó ti ṣe mí rí. Àárín géèmù ni tèmi ti kú, iná kò sí, bátìrì láptọ́ọ̀pù sì ti ń lọ sílẹ̀, n kò lè fi èyí gba ṣájì fún ìyẹn. Tí wọ́n bá fẹ́ aláìníwáyà, kí wọ́n wá èyí tó ń lo bátìrì AA, kò sí ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí wọn kì í ti í tà á. Ṣùgbọ́n bátìrì tí kò dára máa ń yọ omi. Bí wọ́n bá máa gbé máòsì kalẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan láì lò ó, kí wọ́n yọ bátìrì.

Wọn kò gbọdọ̀ fi Bluetooth gbá géèmù. Fún ìwé kíkọ, kò burú. Fún ìbọn, ó ń falẹ̀.

Ọ̀dẹ Aláyò

Mo gbà fún yín lórí Bluetooth. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo aláìníwáyà ló ń falẹ̀. Rísífà 2.4 GHz tí wọ́n ṣe fún géèmù kò falẹ̀ ju wáyà lọ lọ́nà tí ọwọ́ ọmọ èèyàn lè mọ̀. Logitech G305 ń lo AA ẹyọ kan, gíráàmù 99 ni pẹ̀lú bátìrì nínú, ó sì ń ṣe 1000 Hz.

Atúnṣe Ọ̀tígbà

Òótọ́ lo sọ, Ọ̀dẹ. Èmi ń wo àpò ọmọ yìí ni. Iye owó kan náà, oníwáyà á fún un ní ojú àti swíìṣì tó dára ju èyí tí aláìníwáyà á fún un. Bátìrì àti rísífà náà ń gba nínú owó yẹn.

Ọmọ Ṣómólú

Àǹtí, ẹ ṣé o, Ọlọ́run á túbọ̀ wo ọwọ́ yín sàn. Mo wọ̀n ọ́n: sẹ̀ǹtímítà 20 géérégé. Gbogbo àtẹ́lẹwọ́ ni mo fi ń bò ó. Èyí tí mo ń lò bàjẹ́ ní ti ìwọ̀n pẹ̀lú, torí ìka kékeré mi ń wọ́ lórí tábìlì láti àárọ̀.

Ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbọ́n Atúnṣe ni mo máa tẹ̀ lé, oníwáyà. Àwọn wo ni kí n wò lọ́jà?

Ọ̀dẹ Aláyò

Fún ọwọ́ 20 tó ń bò ó mọ́lẹ̀, Razer DeathAdder. Láti 2006 ni wọ́n ti ń ṣe é, ara rẹ̀ tóbi, ó sì tẹ̀ sí ọwọ́ ọ̀tún. Èyí tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n nínú wọn ni DeathAdder Essential. DPI 6400 ni òkè rẹ̀, ó sì ju ohun tí o máa lò lọ fíìfíì.

Logitech G203, tí àwọn ọjà kan ń pè ní G102, gíráàmù 85, òun ni mo máa ń sọ fún ẹni tí owó kò pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó kéré. Ẹlọ́wọ́ 17 tàbí 18 ló bá mu. Logitech G502 HERO á wù ọ́ lójú torí bọ́tìnì 11 tó ní, gbogbo rẹ̀ lo sì lè fún ní iṣẹ́ nínú CorelDraw, ṣùgbọ́n gíráàmù 121 ni HERO oníwáyà yẹn wúwo. Wákàtí mẹ́wàá lójúmọ́, ọwọ́ rẹ ló máa gbé e. Bẹ́ẹ̀ náà ni Logitech MX Master 3S tí àwọn ayàwòrán fẹ́ràn, gíráàmù 141. Iṣẹ́ ni wọ́n ṣe ìyẹn fún. Tí o bá fi gbá Counter-Strike, wàá máa dé lẹ́yìn.

Bọ́tìnì àtàǹpàkò méjì tó o mọ̀ lò sàn ju mọ́kànlá tí o kò rántí. Èmi fi ọ̀kan ṣe "undo", mo fi èkejì ṣe "copy".

Atúnṣe Ọ̀tígbà

Kí o tó sanwó, gbé láptọ́ọ̀pù rẹ dání lọ. Ọlọ́jà tí kò bá gbà kí o dán an wò, bá ẹsẹ̀ rẹ sọ̀rọ̀.

Ki máòsì bọ̀ ọ́. Wá fódà kan lójú dẹ́sítọ́ọ̀pù, tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, díẹ̀díẹ̀, kí o máa mí láàárín, ọgbọ̀n ìgbà. Kò gbọdọ̀ ṣí. Tó bá ṣí lẹ́ẹ̀kan péré, swíìṣì rẹ̀ ti ń ṣe ségesège, bó ti wù kí páálí rẹ̀ dán tó. Lẹ́yìn náà, tẹ ojú ibi tó ṣófo mọ́lẹ̀, kí o fa àpótí kan láti igun dé igun láì jẹ́ kí ìka kúrò. Àpótí náà kò gbọdọ̀ já láàárín. Ìdánwò kẹta ni wíìlì àárín. Ìwọ tí o ń fi wíìlì sún iṣẹ́ mọ́ra àti jìnnà nínú CorelDraw, yí i sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lójú ìwé gígùn kan. Tí ìwé bá ń fò padà sókè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, má rà á. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í yẹ wíìlì wò, òun ló sì máa ń kọ́kọ́ sú wọn.

Ayédèrú pọ̀. Ti Logitech fún géèmù, G HUB ni sọ́fítíwíà rẹ̀, ti Razer ni Synapse. Gbé e sórí láptọ́ọ̀pù rẹ látilé. Tí sọ́fítíwíà kò bá dá máòsì náà mọ̀, tí ọlọ́jà bá ń ní "á dá a mọ̀ tó bá yá", da owó rẹ sápò. Gba rìsíìtì, kí wọ́n kọ iye ọjọ́ tí o lè fi dá a padà sí i.

Tokunbo tó dára wà. Wo ìdí rẹ̀: tí ẹsẹ̀ dídán yẹn bá ti jẹ tán, ó ti ṣiṣẹ́ gidi ní òkè òkun kó tó dé.

Ọ̀dẹ Aláyò

Kí o sì ra páàdì aláṣọ o! Èyí tó fẹ̀. Tábìlì onígíláàsì máa ń tan ojú máòsì jẹ, iná rẹ̀ ń gba inú gíláàsì kọjá, kò rí nǹkan kan yà. Tábìlì dídán náà kì í bá ọ̀pọ̀ wọn rẹ́. Lórí DPI 800, o nílò ibi tí apá máa gbà. Tó bá dọ̀tí, fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, sá a sábẹ́ òjìji títí á fi gbẹ. Má tẹ̀ ẹ́ ní áyọ́ọ̀nù, rọ́bà ìdí rẹ̀ á yọ́.

Ọmọ Ṣómólú

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ti ra DeathAdder Essential, oníwáyà, lẹ́yìn ìsọ̀ mẹ́rin. Ní ìsọ̀ kejì, ìgbà kọkànlá tí mo tẹ fódà, ó ṣí. Ọlọ́jà ní ọwọ́ mi ló yá jù. Mo dúpẹ́, mo jáde. Èyí tí mo rà, ọgbọ̀n ìgbà pé, fódà kò mira, Synapse náà sì dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Mo fi sí 800, mo pa "Enhance pointer precision". Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ọfà ń falẹ̀ lójú mi, ó wù mí kí n dá a padà sí 1600. Ní ọjọ́ kẹta mo gé ìka ọwọ́ ìyàwó kan àti òrùka rẹ̀ kúrò nínú àwòrán láì ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Ìka kékeré mi ti wà lórí máòsì báyìí, kò wọ́ tábìlì mọ́. Níbi géèmù, mo ṣì ń kú, ṣùgbọ́n n kò wo sánmà mọ́.

Ẹ̀gbọ́n Atúnṣe, máòsì àtijọ́ yẹn ńkọ́? Ṣé kí n mú un wá sí Ọ̀tígbà? Àbúrò mi obìnrin ń kọ́ Excel, ọwọ́ rẹ̀ kò tó 17.

Atúnṣe Ọ̀tígbà

Mú un wá ní Sátidé, àárọ̀, kí èrò tó pọ̀. Má san owó iṣẹ́, owó swíìṣì nìkan. Mú rísífà rẹ̀ dání, àwọn kan máa ń gbàgbé rẹ̀ sára láptọ́ọ̀pù.

Àǹtí Manchester

Kó wọn tábìlì àbúrò rẹ̀ náà o.

Ọmọ Ṣómólú

Mo ti wọ̀n ọ́n, Àǹtí. Ó ga jù fún un. Mo fi tìmùtìmù kan sórí àga rẹ̀, ìgúnpá rẹ̀ ti bá tábìlì dọ́gba.